Ìtàn Uqba Kò Parí Sí Etí Òkun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí jagunjagun Lárúbáwá kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀ ju bí àwọn òbí wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Uqba ibn Nafi ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó kó ogun wọ ilẹ̀ Àríwá Áfíríkà ní ọ̀rúndún keje, nígbà tí ìjọba Róòmù Ìlà-Oòrùn ṣì di etí òkun ibẹ̀ mú. Òun ni ó tẹ ìlú Kairouan dó ní ilẹ̀ Tùnísíà. Òun náà ni àwọn ọmọdé ń rí nínú fídíò lórí fóònù wọn, tí ó wà lórí ẹṣin nínú ìgbì òkun, pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Àwòrán náà wu ojú. Ìdí tí a fi gbé kálàmù ni pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gé ìtàn náà sí, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà kò parí síbẹ̀.

Ní àsìkò ìsinmi ilé ìwé kan, a kó àwọn àgbà ọmọ nínú ilé kéwú wa lọ wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich, èyí tí ó ń gbé ènìyàn àti mọ́tò kọjá odò Thames lọ sí North Woolwich. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Thamesmead àti Plumstead mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Láti ọdún 1889 ni ó ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹlẹ́sẹ̀, onímọ́tò, onílọ́rì, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ méjì tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ní ọdún 2019 ń jẹ́ Ben Woollacott. Àwọn ọmọ náà bi wá pé ọ̀gágun wo ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀gágun. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni, ọmọ ọdún 19, tí okùn ọkọ̀ fà bọ́ sínú odò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2011, tí ó sì gba ibẹ̀ kú.

Àwọn ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ wo odò náà, ó ní: "Àáfà, ṣé ẹ mọ̀ pé Uqba gun ẹṣin rẹ̀ wọ inú òkun? Omi nìkan ló dá a dúró. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí àwa náà jẹ́?"

Ẹ̀yin ará wa, ní Woolwich, ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí àgbàlagbà lè fi ẹ̀rín dáhùn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ní Wellington Street, nítòsí bárékè àwọn ọmọ ogun, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì fi mọ́tò kọlu ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Lee Rigby, wọ́n sì pa á ní ọ̀sán gangan lójú àwọn tí ń kọjá. Ọmọ ọdún 25 ni, ó sì ní ọmọ kékeré nílé. Àwọn méjèèjì tí ó pa á jẹ́ ọmọ àwọn òbí tí ó wá láti Nàìjíríà, orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́. Inú ìdílé ọmọlẹ́yìn Jésù ni wọ́n ti dàgbà, ìgbà èwe ni wọ́n gba Ìsìláàmù. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Gbogbo Mùsùlùmí olóye ní ilẹ̀ yìí ni ó bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n ṣe. Síbẹ̀, àwa tí a jẹ́ Yorùbá, tí a tún jẹ́ Mùsùlùmí, tí a sì ń gba Woolwich kọjá lójoojúmọ́, ọ̀ràn náà kàn wá lọ́nà méjì. Bí ọmọ wa bá bi wá léèrè nípa idà àti ẹṣin, ó yẹ kí a ní ìdáhùn.

Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe dárúkọ irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ilé kéwú. A kò fara mọ́ ọn. Ìtàn tí a kò bá sọ fún ọmọ nínú ilé, ará òde ni yóò sọ ọ́ fún un, bí ó bá sì ti wu ará òde ni yóò ṣe sọ ọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a jókòó, kí a sọ ọ́ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí North Woolwich kí a tó sọ ọ́ dé ìdajì, nítorí náà a tún wọ ọkọ̀ padà, a sì ń bá a lọ.

Inú ẹ̀yà Kùráéṣì, ìdílé Fihr, ni Uqba ti wá, ìbátan sì ni ó jẹ́ fún Amr ibn al-As tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Íjíbítì. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń bá ogun Amr lọ sí Barqa àti Zawila, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíà lónìí. Ní àkókò náà, Carthage àti ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun wà lábẹ́ ọba Róòmù tí ó jókòó sí Constantinople, ìlú tí ó di Istanbul. Ogun ìjọba sí ìjọba ni ó wà láàárín wọn: ìhà méjèèjì ní ọba, ìhà méjèèjì ní ọmọ ogun tí ó ń gba àṣẹ, ìhà méjèèjì sì ń gba ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn onílẹ̀ tí ó wà láàárín ni àwọn Berber, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Amazigh.

Ọ̀gágun líle ni Uqba. Àwọn òpìtàn Mùsùlùmí fúnra wọn kò fi í pamọ́. Ibn Abd al-Hakam, òpìtàn ará Íjíbítì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, kọ ọ́ pé nígbà tí Uqba gba ìlú Waddan, ó gé etí olórí ìlú náà kí ó má baà gbàgbé láé.

Ní ọdún 670, ní ayé Muawiya, wọ́n fi Uqba jẹ olórí ilẹ̀ Ifrikiya. Kò tẹ ibùdó rẹ̀ dó sí etí òkun, nítorí àwọn ọkọ̀ ogun Róòmù lè já lù wọ́n níbẹ̀. Àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó yàn, ó kọ́ mọ́sáláṣí sí àárín rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó di Kairouan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 675, gómìnà Íjíbítì yọ ọ́ nípò, ó fi Abu al-Muhajir Dinar rọ́pò rẹ̀. Abu al-Muhajir kì í ṣe ọmọ ìdílé ńlá. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ààbò gómìnà náà ni. Ó fi ojú Uqba gbolẹ̀, wọ́n sọ pé ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó sì kó àwọn ènìyàn kúrò ní Kairouan lọ sí ibùdó tuntun.

Nínú ọ̀ràn àwọn onílẹ̀, ọgbọ́n Abu al-Muhajir yàtọ̀ sí ti Uqba. Ó bá Kusayla, olórí àwọn Berber kan, jà, ó sì mú un. Dípò kí ó gé e létí, ó bọlá fún un, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn Lárúbáwá ti wí, Kusayla gba Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìlú tí idà ì bá gbà ní ọdún púpọ̀, ọ̀wọ̀ gbà á láàárín àsìkò díẹ̀.

Nígbà tí Yazid ọmọ Muawiya jọba, ó dá Uqba padà sí ipò rẹ̀. Uqba dé pẹ̀lú ìbínú tí ó ti ń gbọ́n jọ láti ọdún yìí wá. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Abu al-Muhajir, ó sì ń wọ́ ọ kiri lójú ogun. Ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó ń bá Róòmù àti Berber jà lójú ọ̀nà, títí tí ó fi dé etí òkun Atlántíìkì ní ilẹ̀ Mòrókò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ó gun ẹṣin wọ omi, tí ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí pé òkun ni ó dá òun dúró. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan lónìí ń ṣiyèméjì pé ó dé ibẹ̀, nítorí ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn ìwé tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni fídíò inú fóònù tán sí. Uqba fúnra rẹ̀ ṣì ní ọ̀nà tí yóò rìn padà sílé.

Kusayla wà lọ́dọ̀ Uqba nínú ìrìn àjò náà: olórí láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, Mùsùlùmí gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kó àgùntàn wá fún ìpa. Uqba pàṣẹ pé kí Kusayla lọ bá àwọn tí ń bó awọ ẹran bó o. Kusayla dáhùn pé òun ní àwọn ọmọ àti ìránṣẹ́ tí ó lè bá òun ṣe é. Uqba bú u, ó ní òun gan-an ni yóò ṣe é. Kusayla dìde, ó bó ẹran náà. Bí ó ti ń bó o, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ nu irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá tí ń kọjá bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, ó ní ó dára fún irun. Àgbàlagbà kan nínú wọn ní irọ́ ni, ó ní ọkùnrin yìí ń lérí ni.

Abu al-Muhajir, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára, kìlọ̀ fún Uqba. Ó rán an létí bí Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ṣe máa ń fa ọkàn àwọn olórí Lárúbáwá mọ́ra. Ó bi í léèrè ìdí tí ó fi ń tẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn, lórí ilẹ̀ rẹ̀, lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Uqba kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn baba wa sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Kusayla sá lọ, ọfà sì jáde.

Nígbà tí ogun ń padà bọ̀, Uqba jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣáájú lọ sí Kairouan. Ní ọdún 683, ní Tahuda, nítòsí ìlú Biskra ní ilẹ̀ Àlùjíríà, Kusayla kó Berber àti Róòmù jọ, ó dí i lọ́nà. Uqba sọ fún Abu al-Muhajir pé kí ó máa lọ, kí ó lọ ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí. Abu al-Muhajir kọ̀, ó ní òun náà yóò dúró. Àwọn méjèèjì fọ́ àkọ̀ idà wọn, wọ́n jà, wọ́n sì kú sí ojú kan náà, àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èkejì rí. Kusayla wọ Kairouan. Àwọn Mùsùlùmí tí kò lè sá, àwọn tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹrù tí ó wúwo, tọrọ ààbò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún wọn. Ó lé ní ọdún 4 tí ìlú tí Uqba tẹ̀ dó fi wà lọ́wọ́ ẹni tí Uqba bú. Ọdún 698 ni àwọn Mùsùlùmí tó gba Carthage lọ́wọ́ Róòmù pátápátá.

Nígbà tí a sọ ọ́ dé ibẹ̀, ọmọkùnrin tí ó bi wá léèrè ní: "Àáfà, kí ló dé tí Uqba kò bẹ Kusayla?" A sọ fún un pé ìbéèrè yẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin ará wa, òkun kọ́ ni ó ṣẹ́gun Uqba. Ọkùnrin kan tí ó tẹ́ ní gbangba ni. A kò sọ èyí láti bu ọlá rẹ̀ kù. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún un, bí a ti ń tọrọ rẹ̀ fún ara wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn ẹṣin inú òkun, tí kò sì gbọ́ ti àgùntàn, ìdajì ìtàn ni wọ́n fún un. Ẹni tí ó fún un ní ìdajì náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kí a tún fi yé wọn pé ọ̀gágun ìjọba ni Uqba, tí ó ń jà lábẹ́ àṣẹ, nínú ogun tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń lọ. Àwa tí a wọ ilẹ̀ yìí pẹ̀lú físà, tàbí tí a bí síbẹ̀ tí a ń lo ìwé ìrìnnà rẹ̀, inú àdéhùn ààbò ni a wà. Nínú òfin ẹ̀sìn wa, ẹni tí ó wọ ìlú pẹ̀lú àdéhùn ààbò kò gbọdọ̀ da àwọn ará ìlú náà. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀bẹ ní ìgboro, àdéhùn ni ó dà, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni ó ta.

Kí wá ni ó kù nínú iṣẹ́ Uqba tí ó dé ọ̀dọ̀ wa? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ tóbi. Àwọn Kunta, ìdílé àáfà ńlá ti aṣálẹ̀, ń ka ara wọn sí ọmọ rẹ̀. Ìdílé Shehu Usman dan Fodio náà ní ìtàn pé ọ̀dọ̀ Uqba kan ni wọ́n ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ Nafi ni, àwọn mìíràn ní ọmọ Amir ni. Ìtàn ìdílé ni wọ́n, kì í ṣe ohun tí òpìtàn lè fi ẹ̀rí gbè. Ẹṣin Uqba kò tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà ni wọ́n gbé ẹ̀sìn wá bá àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti ara orúkọ Mali ni a ti ń pe ẹ̀sìn náà ní Ìmàle.

Ohun tí ó ti Kairouan dé ọ̀dọ̀ wa ni ìwé. Ibùdó ogun yẹn di ìlú ìmọ̀. Ibẹ̀ ni Sahnun, tí ó kú ní ọdún 854, ti kọ́ni ní òfin ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí ìlànà Imam Malik. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ibn Abi Zayd ní ọdún 922, ẹni tí ó kọ Risala kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní ní ilé kéwú Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìwó tàbí Ẹdẹ, ṣé ẹ rántí Risala? Bí a ti ń ṣe àlùwàlá, bí a ti ń kírun, bí a ti ń pín ogún, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ ọ. Àwa pẹ̀lú kà á kí a tó dé yunifásítì ẹ̀sìn, a sì tún bá a pàdé níbẹ̀. Idà Uqba kò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọdé ní ìlú rẹ̀ ni ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kù sí ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí. Kusayla wà nínú mọ́sáláṣí wa. Òun ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka kálímà, tí kò tíì mọ ibi tí à ń kó bàtà sí. A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gba Ìsìláàmù, tí ó wá sí Jímọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àgbàlagbà kan pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn nítorí àwòrán tí wọ́n fín sí i lápá, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó di Mùsùlùmí. Ó bọ́ síta, kò sì padà wá. Nígbà tí a wá a rí, ó sọ fún wa pé láti ọjọ́ náà, àwọn tí òun kò rí rí, lórí fóònù, nìkan ni ó ń kí òun ní "ará mi" lójoojúmọ́. A dúpẹ́ pé a tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fi fídíò jagunjagun hàn yín, ẹ má ṣe gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú un wá sí ilé kéwú. Ẹ̀yin àgbà mọ́sáláṣí, bí ẹ bá fẹ́ tún aṣọ tàbí ìkírun ẹni tuntun ṣe, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa máa pe gbogbo ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún kan gbáko. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń fi í fà á mọ́ra. Ọmọ tí a kò fà mọ́ra, ẹlòmíràn ń na ọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa, alága tí ó gbé ipò sílẹ̀ àti alága tí ó gbà á, ẹ rántí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Uqba àti ti Abu al-Muhajir. Ìgbà tí àwọn àgbà méjì ń de ara wọn, kò sí ẹni tí ó ráyè gbọ́ ìkìlọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wa kí wọ́n tó gbọ́ ìdajì rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí Ó tu gbogbo ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wọn ta sílẹ̀ láìṣẹ̀ nínú. Kí Ó fi àlàáfíà sí Woolwich, sí Thamesmead, àti sí ilẹ̀ baba wa. Àmín.